Awò Oníkámẹ́rà Ray-Ban Meta Lójú Ẹni Tó Ń Wé Gèlè: Ibi Tó Ti Wúlò àti Ibi Tó Yẹ Ká Ti Bọ́ Ọ

Iṣẹ́ gèlè wíwé àti mékọ́ọ̀pù ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, ọwọ́ méjèèjì la sì fi ń wé gèlè. Ọwọ́ òsì á di ìdí rẹ̀ mú ní ìpàkọ́, ọwọ́ ọ̀tún á máa ṣẹ́ ẹ ní ìṣẹ́po-ìṣẹ́po, àtàǹpàkò á máa tẹ èyí tó ti jókòó kó má baà tú. Ta ni yóò wá di fóònù mú? Ọmọ iṣẹ́ mi ló máa ń dì í mú tẹ́lẹ̀. Yóò na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ohun tẹ́ ẹ ó sì rí nínú fídíò ni ìgbọ̀nwọ́ mi àti ẹ̀yìn orí oníbàárà. Àwọn tó sanwó kíláàsì gèlè lórí WhatsApp á máa kọ ọ́ ránṣẹ́ pé, "Àǹtí, a ò rí ibi tẹ́ ẹ ti ṣẹ́ ẹ." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí àbúrò mi tó wà ní Houston bá mi ra awò ojú tó ní kámẹ́rà nínú, Ray-Ban Meta. Mo ti lò ó pẹ́ tó láti sọ̀rọ̀ lé e lórí. Iṣẹ́ tí mo rà á fún, ó ń ṣe é, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ohun tó kù ni ibi tó yẹ kéèyàn ti bọ́ ọ kúrò lójú, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ sì gùn ju ọ̀rọ̀ bátìrì lọ.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: Meta, àwọn tó ni Facebook, Instagram àti WhatsApp, àti EssilorLuxottica tó ni Ray-Ban, ni wọ́n jọ ṣe é. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni irú tèmi yìí jáde, 299 dọ́là ni owó rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Tẹ́ ẹ bá rí i lójú mi, awò lásán lẹ máa pè é. Kámẹ́rà megapixel 12 wà ní igun kan lókè, iná funfun bíńtín wà ní igun kejì, máìkì márùn-ún sì fara pa mọ́ sára rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lórí apá ọ̀tún: ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ya fọ́tò, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba fídíò. Ààyè 32 GB ló wà nínú rẹ̀. Wákàtí 4 ni àwọn tó ṣe é sọ pé bátìrì rẹ̀ á lò, kéèsì rẹ̀ fúnra rẹ̀ sì ni cháàjà, nítorí náà bí mo bá ti ń jẹun níbi òde, awò náà ń jẹ iná nínú báàgì mi.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí lórí iṣẹ́ gidi. Ìyá ìyàwó ni oníbàárà mi lọ́jọ́ náà, aṣọ òkè rẹ̀ tuntun láti ọwọ́ àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn, ó le gbagidi. Mo fi màmá jókòó síwájú fèrèsé, mo ní kí wọ́n gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, iná funfun tàn, mo sì fi ìka tọ́ka sí i.

"Mà, iná yìí ló ń sọ pé mo ti ń gbà á. Ọwọ́ mi àti gèlè nìkan ni mo fẹ́. Tí ojú yín bá bọ́ sínú ẹ̀, màá gé e kúrò, àfi tẹ́ ẹ bá ní kí n fi sílẹ̀."

"Awò yìí náà ló ń gba fídíò? Háà! Ó dáa, ṣáà jẹ́ kí gèlè mi dúró."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni fídíò tó gùn jù lọ tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà mo pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: ìgbà tí mo fi etí gèlè lé iwájú orí, ìgbà tí mo ń ṣẹ́ ẹ, ìgbà tí mo ń fi pínnì há a. Nígbà tí mo wò ó lórí fóònù lálẹ́, gbogbo ohun tí ojú mi rí ló wà níbẹ̀. Ìka ìfábẹ̀lá mi ń yọ́ wọ abẹ́ ìṣẹ́po kejì, ó ń tì í sókè díẹ̀ kí àtàǹpàkò tó tẹ̀ ẹ́. Èmi alára ò mọ̀ pé mo máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí ọwọ́ ló mọ̀ ọ́n, ẹnu ò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ọmọ iṣẹ́ mi wò ó, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún wò ó, ó pariwo pé, "Ibẹ̀ yẹn gan-an ni tèmi ti máa ń tú!" Láti ọjọ́ náà, aṣọ òkè kì í tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń gba kíláàsì láti Peckham ní London ránṣẹ́ pé òun wé ti ara òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fúngbà àkọ́kọ́. Ohun tí ẹnu mi ò lè là yé wọn látọdún yìí wá, awò yìí là á.

Ohun kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́ ara yín. Orí yín ló ń darí kámẹ́rà. Tẹ́ ẹ bá yíjú láti dá ẹni tó wọlé lóhùn, fídíò á bá yín yíjú. Ọrùn ò gbọ́dọ̀ máa já síbí já sọ́hùn-ún. Mo tún kọ́ bí mo ṣe ń fà sẹ́yìn díẹ̀ kí ọwọ́ mi méjèèjì lè wọnú àwòrán. Òòró ni fídíò rẹ̀ máa ń wà, ó bá Instagram àti TikTok mu. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó fẹ̀ fún YouTube, kó wá kámẹ́rà mìíràn.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Àwọn tí mo wá torí wọn kọ̀wé yìí ni àwọn tí kì í ṣe oníbàárà mi, tí wọ́n kàn ṣẹlẹ̀ wà níwájú awò.

Fóònù ní ìwà rere kan tí a kì í rò: a máa ń rí i nígbà tó bá dìde. Ẹni tó fẹ́ yà yín ní láti gbé ọwọ́ sókè, ẹ ó sì ráàyè sọ pé "Ẹ má yà mí o," ẹ ó ráàyè fa bùbá tó ti yọ̀ kúrò léjìká, ẹ ó ráàyè kẹ̀yìn. Awò yìí gba ààyè yẹn lọ́wọ́ èèyàn. Ẹni tó ń wò yín lójú, tó ń kí yín, tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún yín, ojú kan náà ló fi ń gbà yín sílẹ̀. Àwa tí a ti dàgbà sórí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, tí a máa ń ka ojú ẹni kí a tó mọ irú ọ̀rọ̀ tí a ó bá a sọ, kí la fẹ́ kà lójú ẹni tó wọ irú rẹ̀?

Iná funfun yẹn nìkan ló kù tó ń kìlọ̀ fún ẹni tí wọ́n ń yà. Nígbà tí èyí àkọ́kọ́, Ray-Ban Stories, jáde lọ́dún 2021, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni aráàlú ní Ireland àti ti Ítálì béèrè lọ́wọ́ Facebook bóyá iná bíńtín yẹn tó ìkìlọ̀. Nínú ti 2023 wọ́n mú un tóbi sí i, ó sì ń ṣẹ́jú bí fídíò bá ń lọ. Bẹ́ ẹ bá fi nǹkan bò ó, awò á kọ̀ láti yà. Mo fi ìka bò ó wò, ó kọ̀ lóòótọ́, ó ní kí n ṣí i. Mo gbóríyìn fún wọn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2025, àwọn oníròyìn 404 Media ní Amẹ́ríkà tú u síta pé ẹnì kan ń gba 60 dọ́là láti bá èèyàn pa iná náà pátápátá. Ká tiẹ̀ ní kò sẹ́ni tó pa á: ní gbọ̀ngàn àríyá wa, níbi tí iná aláràbarà ń yí lókè, tí iná àwọn onífídíò ń tàn yòò, ta ni yóò rí iná tó wà létí ojú èèyàn? Tó bá sì rí i, ta ló ti sọ fún un pé ohun tó túmọ̀ sí nìyẹn?

Mo fojú ara mi rí i. Mo ti parí iṣẹ́ níbi ìnáwó kan, mo jókòó sẹ́yìn, mò ń jẹ àmàlà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń rìn káàkiri láàárín àwọn tábìlì, irú awò tèmi lójú rẹ̀, iná ń ṣẹ́jú. Ẹnikẹ́ni ò fura. Ó dúró síwájú màmá kan tó ń lẹ owó mọ́ ọmọ rẹ̀ níwájú orí. Ó yí sọ́dọ̀ àwọn ìyá àgbà tó ti ṣí gèlè torí ooru, tí irun wọn wà bó ṣe wà. Ó tún yí sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń fọ́mọ lọ́mú, tí ìborùn rẹ̀ ti sún. Mo fọwọ́ nù, mo dìde.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, ta lò ń ya gbogbo èyí fún?"

Ó yà á lẹ́nu pé mo mọ̀. "Kò sí nǹkan, mà. Kọ́ńtẹ́ǹtì ni."

"Ṣó o ti sọ fún wọn?"

"Mà, ibi tí gbogbo èèyàn wà náà ni. Gbogbo èèyàn ló ń yà."

"Àwọn tó ń yà ń gbé fóònù sókè. Màmá yẹn ń rẹ́rìn-ín sí ẹ torí wọ́n rò pé ò ń kí àwọn ni."

Ó ní kí n má bínú, ó bọ́ awò náà, ó fi há ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó ti gbà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí TikTok. Ọmọ màmá tó ń lẹ owó ló pè mí, jìnnìjìnnì sì ti bò wọ́n. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Apá 21 òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá fọ́n náírà níbi àríyá lè lọ sẹ́wọ̀n fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà, tàbí kó san owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ₦50,000, tàbí méjèèjì pọ̀. Oṣù mẹ́fà náà ni ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá fún Bobrisky ní oṣù kẹrin ọdún 2024, lórí ẹ̀sùn tí EFCC fi kàn án pé ó ń fọ́n owó. Ẹ sì bá mi rò ó: kí ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó fọ́n owó, bí kò ṣe fídíò? Bí màmá yẹn bá rí fóònù níwájú wọn, wọn ò bá ti kó owó wọn sínú àpòòwé. Ipò àtiyàn yẹn ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí onínàáwó fúnra rẹ̀ pe ọmọkùnrin náà, ó yọ fídíò náà kúrò, ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbà á sílẹ̀ sórí fóònù wọn.

Ọ̀rọ̀ "ibi tí gbogbo èèyàn wà" yẹn, ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́, ó sì yẹ ká wò ó dáadáa. Gbọ̀ngàn tí wọ́n fi ìwé pe èèyàn sí kì í ṣe títì. Ẹni tó háyà á, tó fọwọ́ ara rẹ̀ san owó rẹ̀, ló láṣẹ láti sọ ẹni tó lè yà àti ẹni tí kò lè yà. Títì pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn lè dúró sí kó máa yà: ẹnikẹ́ni tó bá ń gba iwájú bárékè ológun ní Òjóò kọjá mọ̀ pé wọn kì í gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni sójà yóò ṣe sí awò ojú? Bí ó bá mọ ohun tó jẹ́, ẹ wà nínú wàhálà. Bí kò bá sì mọ̀, ẹ ti rú òfin láìsí ẹni tó rí yín. Èmi ti ń bọ́ ọ kí mọ́tò tó dé ibẹ̀.

Òfin Nàìjíríà náà ò sùn. Apá 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ọmọ ìlú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 la tún ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni, wọ́n ń pè é ní NDPA. Àwòrán tí a lè fi dá èèyàn mọ̀ wà lára ìsọfúnni rẹ̀. Òfin yẹn yọ ohun tí èèyàn bá ń ṣe fún ara rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ya ọmọ yín níbi ọjọ́ ìbí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n èmi ń fi fídíò mi wá oníbàárà, mo ń fi ta kíláàsì. Tèmi ti jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tó gbà fún mi lónìí lè ní òun ò gbà mọ́ lọ́la, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ọmọdé, òbí rẹ̀ ni yóò gbà fún un. Àwa oníṣòwò kéékèèké máa ń rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá nìkan lòfin ń bá wí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo le sí jù lọ ni yàrá tí ìyàwó ti ń múra. Kò sí ibi tí ara obìnrin ti máa ń tú sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyàwó wà nínú ìró, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wọ àwọ̀tẹ́lẹ̀, àbúrò rẹ̀ ń sunkún torí síìpù já, ìyá ọkọ rán ẹnì kan wọlé láìkànlẹ̀kùn. Bí mo bá fẹ́ gba fídíò, mo máa ń sọ ọ́ sókè kí gbogbo ilé gbọ́, màá gbà á ní ibi tí ògiri wà lẹ́yìn oníbàárà, kì í ṣe ibi tí dígí wà. Dígí burú! Ẹ̀yin rò pé gèlè nìkan lẹ ń wò, dígí ẹ̀yìn ti ń fi gbogbo yàrá hàn. Bí ilẹ̀kùn bá sì ṣí, tí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ bá wọlé, mo tẹ bọ́tìnnì pa nìyẹn. Tí mo bá parí, inú kéèsì ni awò ń lọ, kéèsì sì ń wà lórí tábìlì níbi tí gbogbo wọn ti lè rí i. Kí n gbé e sórí irun bí àwọn kan ti ń ṣe kò tó, torí ẹni tó ń bọ́ṣọ kò lè mọ̀ bóyá ó ń yà tàbí kò yà, kò sì yẹ kó máa ṣe ìyẹn ní iṣẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Mọ́sáláṣí, níbi tí àwọn obìnrin ti ń ṣe àlùwàlá tí wọ́n ti ń ṣí ìbòrí: mi ò wọ̀ ọ́ débẹ̀ rárá. Báǹkì náà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri níbẹ̀ pé kí a má lo fóònù, nítorí olè, kò sì sẹ́ni tó kọ awò kún un torí wọn ò tíì mọ̀ ọ́n. Ohun tí wọ́n ń sá fún náà ló wà lójú mi.

Ọjà Ọ̀jẹ́ ló kọ́ mi ní ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń ra aṣọ òkè n'Íbàdàn, mo sì rò pé fídíò bí mo ṣe ń yan aṣọ á dùn ún wò. Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá aláṣọ tí mo ti ń bá rajà tipẹ́, mo fi awò han wọ́n. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n fi sójú, wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n ní, "Ìyẹn ni pé ẹni tó bá dúró tì mí níbí, tó ń ná aṣọ, tí kò rà, ó lè kó gbogbo àrà tó wà nínú ìsọ̀ mi lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá fẹ́ ya aṣọ mi, kó kọ́kọ́ rà á." Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ahunṣọ máa ń lo oṣù lórí àrà tuntun, ẹlòmíì á sì ti gbé e lọ fún ahunṣọ mìíràn kó tó di ọjà tó ń bọ̀. Èèyàn nìkan kọ́ ni awò yìí ń tú àṣírí rẹ̀, ó ń tú ti iṣẹ́ ọwọ́ náà.

Yorùbá ti mọ̀ tipẹ́ kí òyìnbó tó ṣe kámẹ́rà pé gbogbo ibi tí ojú lè dé kọ́ ni ojú gbọ́dọ̀ wò. Bóbìnrin fojú kan orò, orò á gbé e lọ. Èmi ò ní dé ibẹ̀ ká tó máa sọ ti awò. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó dé ibẹ̀ ńkọ́, tí àwọn awo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, tí awò wà lójú rẹ̀? Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO ti kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé láti ọdún 2005, owó kámẹ́rà yàtọ̀ sí owó ìwọlé. Awò lójú ẹni ló wọlé, ta ni yóò gba owó rẹ̀? Kí àwọn tó ń ṣọ́ irú ibi wọ̀nyí tètè mọ irú awò yìí ni, torí yóò pọ̀ nígboro láìpẹ́.

Àwọn òyìnbó náà ti jà á. Nígbà tí Google ń múra láti gbé Google Glass, awò oníkámẹ́rà tiwọn, jáde lọ́dún 2013, 1,500 dọ́là ni owó rẹ̀, ilé ọtí kan ní Seattle, 5 Point Café, sì ti kéde pé àwọn ò gbà á nínú ilé àwọn kí ẹnikẹ́ni tó gbé e débẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2015 Google dáwọ́ títà á fún aráàlú dúró. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé èyí tòde òní rẹwà, ó jọ awò gbogbo èèyàn, ilé ọtí kò lè tètè dá a mọ̀.

Ó ku ọ̀dọ̀ Meta alára. Ní oṣù keje ọdún 2024, àjọ FCCPC, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé wọn lórí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lo ìsọfúnni àwa ọmọ Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ tó ń rí sí irú ẹ̀ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Oṣù kẹrin yẹn náà ni Meta yí ìlànà awò yìí padà: bí ẹ bá fi "Hey Meta" sílẹ̀ ní títàn, ohùn tẹ́ ẹ fi ń pàṣẹ fún un á máa lọ sọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì lè tọ́jú rẹ̀ tó ọdún kan. Mo ti pa tèmi nínú áàpù. Bọ́tìnnì tó fún mi, èdè Yorùbá kúkú ni mò ń sọ níbi iṣẹ́, kò sì gbọ́ ọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá rà á, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó ya ohunkóhun. Ẹ má sì gbàgbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Harvard méjì tí wọ́n fi han ayé ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 pé bí wọ́n bá fi awò yìí wo àjèjì lójú ọ̀nà, tí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń wá ojú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ ẹni náà á jáde. Wọn ò tà á, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè ṣe, ẹlòmíì náà lè ṣe é.

Ta ni mo lè sọ fún pé kó rà á? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́: onídìrí, aránṣọ, aláṣè, mẹkáníìkì, ẹni tó ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ẹ rà á, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ torí kó lè máa ya àwọn tí kò mọ̀, mi ò ní ohun tí mo fẹ́ bá a sọ nípa bátìrì.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ ra èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ mọ́ kedere. Inú ilé la ti ń ṣiṣẹ́, èyí tó dúdú ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí àwọ̀ àtíkè dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé dókítà ló kọ awò fún yín, ẹ má ṣe fi lẹ́ńsì yín sínú èyí nìkan ṣoṣo. Ẹ ní awò lásán kan nínú báàgì, torí ọjọ́ tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bá ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ, ẹ ṣì fẹ́ ríran wọlé. Ní ti èyí tuntun tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí wọ́n ní bátìrì rẹ̀ á lo wákàtí 8, àbúrò mi ti bi mí bóyá kí òun rà á ránṣẹ́. 379 dọ́là ni owó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó jáde. Mo ní kó dúró ná. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ṣì ń gba ìka mi bó ṣe yẹ, iná ńlá fún yàrá kíláàsì ni mo fẹ́ fi owó yẹn rà.